Omi Gbígbóná Wà Nílé, À Ń Wá Etí Òkun Kiri

Ní ilé wa ní Adó-Èkìtì, bí ìsinmi bá ti kù dẹ̀dẹ̀ ni àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lórí owó oúnjẹ, kì í sì í ṣe lórí owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ etí òkun ni. Àwọn ọmọ ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe ń sáré lórí yanrìn, tí ìgbì òkun ń lé wọn, tí wọ́n pa tẹ́ǹtì sábẹ́ igi àgbọn, tí èéfín ẹran sísun ń rú. Àwọn náà fẹ́ lọ. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, wíkẹ́ńdì kan péré ni. Ẹ jẹ́ ká lọ pàgọ́ síbi tí omi wà."

Mo bá wọn ṣe ìṣirò rẹ̀. Láti Adó, a ó kọjá Àkúrẹ́, a ó kọjá Oǹdó, a ó dé Òrè, a ó yà sí Òkìtìpupa, a ó dé Ìgbókọ̀dá, kí a tó wá máa béèrè ọ̀nà òkun lọ́wọ́ àwọn ará Ìlàjẹ. Ẹni tó bá kúrò nílé ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé, tó sì ní láti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, inú mọ́tò ni yóò ti lo ìsinmi rẹ̀. Ti Èkó kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Àwọn ọmọ fajú ro. Ìyá wọn, tó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè tó fi bi mí pé, "Bàbá wọn, ṣé omi ni wọ́n ń wá ni, àbí òkun?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè yẹn ló gbé mi délẹ̀ ìtàn. Nítorí àwa ará Èkìtì kò ní òkun rí, ṣùgbọ́n pípàgọ́ sétí omi kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. A ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní fàájì. Ẹni tó bá sì mọ bí àwọn tó ṣáájú ṣe ń yan ibi tí wọn yóò gbé orí lé, kò ní ṣi ibi tí yóò kó ọmọ rẹ̀ lọ yàn.

ABÀ ÀTI ỌJỌ́ Ọ̀SẸ̀

Kí Sátidé àti Sọ́ńdè tó wọ ilẹ̀ wa, bàbá wa ti mọ ìsinmi. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ Yorùbá, òrìṣà kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà tí ènìyàn ń bọ, kì í lọ sóko. Yóò jókòó nílé, yóò bọ ohun tó fẹ́ bọ, yóò jẹun, yóò bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Ìrìn àjò àwọn bàbá wa yàtọ̀ sí tiwa. Àwa ń gbé nílé láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, a sì ń wá igbó lọ ní wíkẹ́ńdì. Ní tiwọn, inú igbó ni wọ́n ń gbé láàrin ọ̀sẹ̀, ní abà, wọ́n á sì padà wálé fún ìsinmi àti fún ọdún. Bí ọdún Ùdìròkò bá dé ní Adó, ẹni tó wà ní abà tó jìnnà jù lọ á ru ẹrù rẹ̀, á kọrí sílé.

Abà yìí ni àgọ́ àkọ́kọ́ tí a mọ̀. A kì í sì í kàn kọ́ abà sí ibi tójú bá ṣáà rí. Ó gbọ́dọ̀ wà nítòsí omi tí kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, kí àgbàrá má baà wọlé tọ ènìyàn lóru. Ó gbọ́dọ̀ ní igi tó ṣíji bò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe igi jíjẹrà tí atẹ́gùn lè wó lé ènìyàn lórí. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí obìnrin tó ru igbá lè rìn láì ṣubú. Ọkùnrin tó bá kọ́ abà rẹ̀ jìnnà sí omi, orí ìyàwó rẹ̀ ni ìyà ọ̀hún yóò gùn.

Omi, ilẹ̀ gíga, ìbòòji, ọ̀nà. Ẹ fi ohun mẹ́rin yìí sọ́kàn. A óò tún padà bá wọn pàdé.

ÀGỌ́ TÓ DI ÌLÚ

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Adó lọ sí Arámọ̀kọ, tó wá kọjá síwájú sí ìhà Òkè-Mẹ̀sí, ń rìn lọ sí ibi tí àgọ́ tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn Èkìtì wà. Àgọ́ ọ̀hún kì í ṣe ti fàájì. Àgọ́ ogun Kírìjí ni.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí bínú sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tí wọ́n ń fi ojú àwọn ará ìlú rí màbo, ó sì pa wọ́n. Bí iná ṣe ràn nìyẹn. Àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn aládùúgbò wọn parapọ̀ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan, Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun wọn. Wọ́n tẹ̀dó sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn Ìbàdàn, tí Ààrẹ Látòsà kó jáde, tẹ̀dó sí ìhà Ìgbájọ. Òkè àti àfonífojì ló wà láàrin wọn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti di oníṣòwò ní Èkó ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Ìró àwọn ohun ìjà ńlá tó ń dún ní àárín òkè wọ̀nyẹn ni àwọn ènìyàn fi sọ ogun náà ní Kírìjí.

Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ lónìí ni pé ogun náà kò tán bọ̀rọ̀. Ọdún lé ọdún. Àgọ́ tí wọ́n pa fún ìgbà díẹ̀ di ìlú. Jagunjagun kó ìyàwó wá, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n dáko, wọ́n ná ọjà. Látòsà fúnra rẹ̀ kú sínú àgọ́ ní ọdún 1885, kò padà rí Ìbàdàn. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1886 ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ó sì tó ọdún 1893 kí ilẹ̀ náà tó rọ̀ pátápátá lábẹ́ àṣẹ òyìnbó.

Báwo ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ṣe lè gbé orí òkè fún ọdún púpọ̀ bẹ́ẹ̀? Omi ni. Àwọn òkè yẹn kún fún ìsun omi àti odò kéékèèké. Ọ̀kan nínú àwọn odò ibẹ̀ ń jẹ́ Fẹ̀jẹ̀bọ́jú títí di òní. Orúkọ yẹn nìkan tó láti sọ ohun tí omi náà fojú rí. Omi tí ènìyàn ń mu ní àárọ̀ náà ló fi ń ṣan ọgbẹ́ ní ìrọ̀lẹ́.

Mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ mi kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó bá lè sùn sí abẹ́ òkè Èkìtì lónìí, tó jí, tó sì ń wá ibi tí yóò gbé tíì sí, oore ńlá ló rí gbà. Àwọn kan ti sun ibẹ̀ pẹ̀lú ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí.

IBI TÍ WÍKẸ́ŃDÌ TI WÁ

Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn òyìnbó gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í pàgọ́ fún ìgbádùn. Ní ọdún 1907, ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Baden-Powell kó nǹkan bí ogún ọmọkùnrin lọ sí erékùṣù Brownsea ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ wọn bí a ti ń dáná, bí a ti ń pa tẹ́ǹtì, bí a ti ń fi ìràwọ̀ mọ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Síkáòtù ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1915, ẹgbẹ́ náà ti dé Nàìjíríà.

Etí òkun sì tún ní ìtàn tirẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ọlọ́rọ̀ ló ń lọ gba atẹ́gùn òkun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí lébìrà tí kò bá wá síbi iṣẹ́ kò ní rí owó gbà. Ní ọdún 1936, Billy Butlin ṣí àgọ́ ìsinmi ńlá kan sí Skegness, létí òkun, fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ní ọdún 1938, wọ́n ṣòfin tó mú kí òṣìṣẹ́ púpọ̀ máa gba owó nígbà tó bá wà ní ìsinmi. Ẹ ò rí i pé kí òṣìṣẹ́ tó lè na ẹsẹ̀ sórí yanrìn, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní ọjọ́ tí ọ̀gá kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bákan náà ló rí ní ọ̀dọ̀ wa. Ṣọ́ọ̀ṣì, ilé-ìwé àti iṣẹ́ ìjọba ló fi Sátidé àti Sọ́ńdè rọ́pò ọjọ́ ọ̀sẹ̀ òrìṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ló sì kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ Èkìtì lọ pàgọ́ láìsí ọkọ́, láìsí ìbọn.

TA LÓ SỌ PÉ Ó SỌNÙ?

Ìkògòsì-Èkìtì kò jìnnà sí Adó. Ẹ ó gba Ìyìn, ẹ ó gba Ìgèdè, ẹ ó dé Arámọ̀kọ, ẹ ó yà sí ọ̀nà Erinjiyàn. Gbogbo rẹ̀ kò pé 50 kìlómítà. Ní àárín igbó, lábẹ́ òkè, ìsun omi méjì ń ṣàn níbẹ̀: ọ̀kan lọ́wọ́ọ́rọ́, èkejì tutù. Wọ́n ń ṣàn bọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọ́n fi pàdé. Ẹni tó bá dúró sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé lè fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú gbígbóná, kí ó fi ti òsì sínú tútù.

Àwọn àgbà ibẹ̀ ní ìtàn tiwọn. Wọ́n ní ìyàwó méjì ọkùnrin kan ni omi méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ onínú fùfù, èkejì jẹ́ onísùúrù. Wọ́n jà títí wọ́n fi di omi, omi kálukú sì mú ìwà tirẹ̀ dání. Síbẹ̀, wọ́n pàdé nísàlẹ̀, wọ́n sì ń ṣàn lọ pọ̀. Ẹni tó bá ti gbé ilé olórogún rí mọ̀ pé ẹni tó pa ìtàn yìí mọ ohun tó ń sọ. Omi ọ̀wọ̀ ni wọ́n kà á sí. Wọ́n ń fi wẹ̀, wọ́n sì gbà pé ó ń wo àìsàn sàn.

Ní ọdún 1952, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, dá àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá omi yìí. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí ìjọ tó rán an wá, nítorí wọ́n ní àgọ́ láàrin òkè lọ́hùn-ún, bí èyí tó wà ní Ridgecrest ní North Carolina. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé òyìnbó yìí ló ṣàwárí omi Ìkògòsì. Ẹ gbà mí! Ta ló sọ pé ó sọnù? Àwọn tí wọ́n ń pọn ọ́n, tí wọ́n ń fi wẹ ọmọ wọn, ojú wọn kò fọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ìbínú bo òtítọ́ mọ́lẹ̀. McGee kò ṣàwárí omi. Àgọ́ ló dá sílẹ̀. Ó wo ibi tí àwa ń wò lójoojúmọ́, ó sì rí i pé ọmọ tó wá láti ìlú mìíràn lè sùn níbẹ̀, kí ó gbádùn, kí ó kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ sì padà wo ohun mẹ́rin tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Omi tí kì í gbẹ wà níbẹ̀. Ilẹ̀ gíga wà. Igi ńláńlá ṣíji bo gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà ọkọ̀ sì wà nítòsí. Ohun tí bàbá wa ń wò kó tó kọ́ abà náà ni òyìnbó wò.

OMI NÁÀ GAN-AN

Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń polówó Ìkògòsì máa ń sọ pé ìwọ̀n ooru omi náà jẹ́ 70 ní orísun rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Mo bẹ̀ yín, ẹ rò ó wò. Omi tó bá gbóná dé 70 yóò bó ènìyàn lára. Àwọn àlejò sì ń ki ẹsẹ̀ bọ orísun yìí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ìparí àwọn ọdún 1960 bá nǹkan bí 37. Ìwọ̀n ooru ara ènìyàn alááfíà nìyẹn. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá wọnú rẹ̀ fi ń rò pé omi náà mọ òun tẹ́lẹ̀.

Kí ló ń gbé e gbóná? Kò sí òkè oníná ní Èkìtì. Òjò tó ń rọ̀ sórí òkè Ẹ̀fọ̀n àti àyíká rẹ̀ ń gba inú àwọn òkúta tó sán wọ ilẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń wa ilẹ̀ jìn sí i ni ooru ń pọ̀ sí i, tó bí 25 sí 30 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Omi tó bá wọlẹ̀ jìn tó, tó wá rí ibi tí àpáta ti là, yóò tún gòkè padà kí ó tó tutù tán. Èyí tí kò jìn nínú ilẹ̀ yóò jáde ní tútù. Nítorí náà, olórogún méjèèjì wá láti inú òjò kan náà. Bí kálukú ṣe jìn tó ló yàtọ̀.

Omi náà mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń rọ ọ́ sínú ìgò tà. Ẹni tó bá ti mu omi Gossy rí, kí ó tún orúkọ yẹn pè dáadáa, yóò gbọ́ Ìkògòsì nínú rẹ̀.

ÒKUN NÁÀ Ń KỌ́?

N kò kórìíra òkun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn etí òkun tí orúkọ wọn dùn létí wa.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Bar Beach ní Èkó ni gbogbo ẹni tó bá lọ sí Èkó ń ròyìn rẹ̀ bọ̀. Ibi fàájì ni, ibi àdúrà àwọn aláṣọ funfun sì ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1971, ibẹ̀ náà ni ìjọba ológun ti bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa àwọn adigunjalè níṣojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n pa Oyenusi tí òkìkí rẹ̀ kàn níbẹ̀. Ìyá gbé ọmọ pọ̀n lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀, ó ń ya wọ títì. Ní ìparí àwọn ọdún 2000, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sínú òkun níbẹ̀ láti kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n pè ní Eko Atlantic. Bar Beach tí bàbá ń ròyìn fún ọmọ kò sí mọ́.

Ní apá tiwa níhìn-ín, etí òkun Ìlàjẹ ló súnmọ́ wa jù. Ayétòrò wà níbẹ̀, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀dó ní ọdún 1947, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń ná owó kan náà, tí òkìkí wọn fi kàn káàkiri. Òkun ti jẹ ilé, ó ti jẹ ilé-ìwé, ó ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò níbẹ̀. Kò yẹ kí n máa wá ibi tí ọmọ mi yóò ti ṣeré lórí ìbànújẹ́ wọn.

Ewu tó wà nínú ìgbì náà kò sì kéré. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé láàrin òkè kò mọ òkun. Òkun máa ń fa ènìyàn lẹ́sẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun ti kúrò lórí ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìwà ẹranko, kì í fi ọwọ́ pa á lórí.

ỌWỌ́ TA LÓ WÀ?

Nígbà náà, ṣé Ìkògòsì kò ní àbùkù ni? Ó ní. Àbùkù rẹ̀ kò sí nínú omi. Ọwọ́ àwa ènìyàn ló wà.

Nígbà tí McGee dá àgọ́ sílẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ni Èkìtì wà. Ní ọdún 1976, a bọ́ sábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996, a di ìpínlẹ̀ tiwa. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìjọba kò yéé sọ pé Ìkògòsì yóò di ibi àríyá fún gbogbo ayé. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀, wọ́n ṣe ibi ìlúwẹ̀ẹ́. Bí ọdún mélòó kan bá ti kọjá, òrùlé á máa jò, jẹnẹrétọ̀ á dákẹ́, koríko á bo ọ̀nà. Nígbà ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàrin 2010 sí 2014, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe lọ́tun, ó dára, àlejò sì ń wá. Lẹ́yìn tí ìjọba náà kógbá sílé, kò pẹ́ tí ibẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn. Nígbà tó yá, ìjọba fi í sí ìkáwọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni pé kí wọ́n máa bójú tó o.

Ẹ wò ó bí ìtàn náà ti lọ. Nígbà tó jẹ́ omi ọ̀wọ̀, ará ìlú ló ń tọ́jú rẹ̀, nítorí wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́. Nígbà tó jẹ́ àgọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ìjọ ló ń tọ́jú rẹ̀, nítorí ọmọ wọn ni yóò sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ti ìjọba, ẹni tó ń ṣe é kò sùn síbẹ̀, ẹni tó ń sùn síbẹ̀ kò ní àṣẹ. Ohun gbogbo ènìyàn sì wá di ohun tí kò ní baba. Ilé-iṣẹ́ aládàáni lè tún un ṣe kí ó dùn ún wò, n kò jiyàn. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kí owó ẹnu ọ̀nà má lọ ga tó bẹ́ẹ̀ tí tíṣà láti Ìgèdè kò fi ní lè kó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wọlé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àlejò láti Èkó àti Àbújá ni yóò mọ omi wa, ọmọ wa yóò máa wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n.

Síbẹ̀, àwa náà jẹ̀bi. Mélòó nínú àwa tí a ń gbé Adó ló ti sun Ìkògòsì mọ́jú rí? Bí onílé kò bá jókòó sínú ilé rẹ̀, aláǹgbá ni yóò máa ṣe olórí ibẹ̀.

BÍ MO ṢE YÀN

Mo jókòó ti àwọn ọmọ, a kọ gbogbo ibi tó wà nítòsí sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni omi tí wọ́n dá sé ní Ùrèjé, nínú Adó wa níhìn-ín. Ó súnmọ́lé, ó sì dùn ún wò ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n má ronú pé àwọn ó wọ̀ ọ́. Omi mímu ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí a sé mọ́, tí kò ṣàn, ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá kiri fẹ́ràn. Ọmọ tó bá wẹ̀ nínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè wá máa tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Èkejì ni Ìkẹ́rẹ́, níbi tí àpáta Ọlọ́sùnta àti Òròlé ti dúró bí ìyá àti ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, kí ó lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ibi ọ̀wọ̀ ni fún àwọn ará ìlú, kí ó béèrè kí ó tó gùn. Fún tiwa, àwọn ọmọ ní omi làwọn ń wá.

Ẹ̀kẹta ni omi Àrìńta ní Ìpólé-Ìlórò, tó ń já bọ́ láti orí àpáta, ìpele sí ìpele, lábẹ́ igbó dúdú. Kò jìnnà sí Ìkògòsì. Ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ nígbà òjò, èyí tó kéré jù nínú wọn kò sì tíì dúró dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. A ní a ó wò ó láti ìsàlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni Ìkògòsì. Mo tún ka ohun mẹ́rin tí bàbá wa ń wò, mo sì fi méjì lé e nítorí ayé òde òní. Ìkíní: ta ló ń ṣọ́ ibẹ̀ lóru? Ìkejì: ṣé a ó dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ọ̀nà Èkìtì ti ìsinsìnyí kò fẹ́ ìrìn òru, ẹni tó bá sọ pé òun yóò fi òru rìn kò gbọ́ ìròyìn ni. Mo bá tètè ní kí wọ́n béèrè owó yàrá àti owó ẹnu ọ̀nà kí a tó kúrò nílé, kí a má baà dé ibẹ̀ kí a máa wo ara wa lójú.

Ní aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, a ti wà níbẹ̀. Ìyá wọn ti gbé ẹ̀wà àti dòdò lọ́wọ́ láti ilé. Èyí tó kéré jù kọ́kọ́ dúró lókè, ó ń wo omi náà bí ẹni pé yóò bù ú jẹ. Ó wá ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, ó pariwo, ó ki èkejì bọ tútù, ó tún pariwo. Ó dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, ọjọ́ wo lẹ ti mọ ibí?"

Mo ní ó ti pẹ́.

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò mú wa wá?"

Ìyá wọn ló rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí èsì kankan fọ̀.